Ìkúnlẹ̀ Tí Ẹ Kọ́ Mi Ti Dé Thamesmead

Màmá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú àárò mi. Mo kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Ṣọlá àti àwọn ọmọ rẹ̀. Àlàáfíà ni mo wà ní Plumstead níbí, àfi òtútù tí kì í jẹ́ kí n mọ̀ bóyá mo ṣì ní ìka ẹsẹ̀.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé irú iṣẹ́ wo ni kí èèyàn máa tọ́jú ìyá oníyàá. Owó rẹ̀ kò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Màmá àgbàlagbà kan wà ní Thamesmead, ará Japan ni wọ́n, àwọn nìkan ló ń gbélé. Látìgbà tí wọ́n ti ṣubú ni wọn ò ti gba oúnjẹ lọ́wọ́ olùtọ́jú kankan mọ́. Miki ọmọ wọn ń sunkún, nítorí bí ìyá rẹ̀ kò bá jẹun, àwọn òṣìṣẹ́ kánsù á gbé wọn lọ sílé ìtọ́jú arúgbó, wọn ò sì fẹ́ fi ilé wọn sílẹ̀ rárá.

Ọ̀gá wa ní orúkọ ni ká máa pè wọ́n. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo pè wọ́n ní Mummy, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ fún wọn, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń dá mi padà tí mo bá fi ọwọ́ kan gbé omi fún àlejò. Wọ́n wò mí títí, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Wọ́n jẹun, wọ́n wá sọ lédè wọn pé “yaru”.

Miki ní “ṣe” ni ìtumọ̀ rẹ̀, pé wọ́n fi ń yin ẹni tó bá ṣe bẹbẹ. Òun náà ni wọ́n ń pe kéèyàn fún òdòdó lómi tàbí kó fún ajá lóúnjẹ, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ lò ó fún gbígbé oúnjẹ fún àgbà. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, ilé tó ní ẹ̀kọ́ bíi tiwa ni mo bọ́ sí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé àárò ilé ń sọ mí.

Nígbà tí àwọn kánsù dé, wọ́n bá Mummy nídìí oúnjẹ. Wọ́n ní kí Mummy máa gbé inú ilé wọn lọ. Mummy wá ní kí Miki bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní ìyá mi ni. Wọ́n tẹrí ba, wọ́n ní kí n bá àwọn kí yín. Màmá mi, wọ́n fi ọjọ́ orí jù yín lọ dáadáa, ẹ kúnlẹ̀ gba ìkíni wọn.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀