Bí Tẹ́tẹ̀ Bá Na Ọwọ́ sí Yín, Bàbá

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ojú omi, ẹ kú atẹ́gùn. Màmá mi, ẹ kú ilé, ẹ kú ìdí ààrò, ẹ kú èéfín. Ìyá àgbà, mo kí yín tayọ̀tayọ̀. Orúnkún yín ńkọ́? Bùnmi àbúrò mi, ìwọ tí o máa ka lẹ́tà yìí sí wọn létí, rọra kà á, má fo ìlà kankan, pàápàá níbi tí ojú Bàbá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í le.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ máa gbọ́ ohun tí mo kọ yìí. Tíṣà wa ní kí kálukú wa kọ lẹ́tà sílé, wọn yóò sì lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ pátákó iwájú ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Bariga, kí gbogbo òbí lè mọ bí nǹkan ṣe ń lọ fún wa ní ilẹ̀ Gánà. Nítorí náà, láti Ìlàjẹ títí dé Onípanu ni wọn yóò ti mọ ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín. Ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ bẹ àgbà kì í dá lọ.

A dé láyọ̀ o. Lọ́rì wa kò yọnu rárá àfi lẹ́ẹ̀kan tí táyà rẹ̀ jò. Nígbà tí a dé Àjàṣẹ́, àwọn ọlọ́pàá ń sọ Faransé sí wa, ojú wa ń ṣe wòò, àfi ìgbà tí obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì létí títì fi Yorùbá kí wa pé a kú ìrìn. Inú wa dùn débi pé gbogbo wa la ra búrẹ́dì rẹ̀. Ó gùn tó apá mi, ara rẹ̀ sì le kó-kó-kó. Lẹ́yìn náà la kan odò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Fóltà, ọkọ̀ pẹrẹsẹ kan sì gbé lọ́rì tòun tàwa sọdá. Àwọn ọmọ Palmgrove tó wà láàárín wa di ara wọn mú, wọ́n ń ké pe Jésù. Èmi jókòó sí etí ọkọ̀, mo ń jẹ búrẹ́dì mi. Wọ́n rí i lọ́jọ́ náà pé ọmọ apẹja ni mí.

Ìlú tí mo wà kò jìnnà sí Accra, etí òkun gan-an ló wà. Ilé Tẹ́tẹ̀ ni wọ́n fi mí sí. Ẹgbẹ́ mi ni, kíláàsì kan náà la wà, Gẹ̀ẹ́sì la sì fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Màmá, mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín orúkọ rẹ̀, ẹ ní ó jọ ti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orúkọ àkọ́bí ọkùnrin ni lọ́dọ̀ wọn. Àdéhùn tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì ṣe ni pé bí mo ṣe ń gbé nílé wọn yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò bá wa wọ lọ́rì padà, yóò sì gbé nílé tiwa ní Ìlàjẹ. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, Màmá sì ti ní àwọn yóò tọ́jú ẹní tuntun sílẹ̀ dè é.

Bàbá, ẹ ní kí n wo ọkọ̀ ìpẹja wọn dáadáa kí n wá sọ fún yín. Kí n má parọ́, ọkọ̀ wọn ju tiwa lọ. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́, ó gùn, wọ́n fi ọ̀dà aláràbarà kùn ún, àárín ìgbì tó ga ju ènìyàn lọ ni wọ́n sì ń gbé e gbà tí wọ́n ń kọrin. Ẹni tó bá ti rí òkun yìí, tó tún rí ọ̀sà wa, yóò rò pé omi tí wọ́n bù sínú ọpọ́n ìwẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í lọ sókun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní òkun ní láti sinmi. Ọjọ́ náà ni wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe, wọ́n sì ń jà sí àwọ̀n tó ya.

Oúnjẹ wọn kò burú. Wọ́n ń jẹ ohun kan tó ń jẹ́ kẹ́ńkẹ́. Ó jọ ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n ó le jù ú lọ, ó sì kan díẹ̀. Wọ́n fi ẹja díndín àti ata tútù tí wọ́n lọ̀ nínú àwo amọ̀ sí i. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mo kàn ń wò ó ni. Ní báyìí, Tẹ́tẹ̀ ní bí n kò bá tètè padà sílé, ebi yóò pa àwọn. Atẹ́gùn ibí gbẹ ju ti Bariga lọ, ètè mi là. Wọ́n ti gba òmìnira tiwọn, ọmọ kékeré pàápàá ń yan bí ẹni pé òun ló lọ gbà á wá. Tẹ́tẹ̀ bi mí pé ìgbà wo ni tiwa. Mo ní a ti wẹ̀ tán, aṣọ la ń wọ̀ lọ́wọ́.

Ohun kan ṣoṣo tó ń dá mi lágara ni pé orí ilẹ̀ líle ni wọ́n kọ́lé sí, kì í ṣe orí omi bíi tiwa. N kò gbọ́ omi lábẹ́ ẹní mi. Àárò yín sọ mí gan-an nítorí rẹ̀.

Ó yá, Bùnmi, ibí gan-an ni kí o ti rọra kà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo jí, mo rí ìyá Tẹ́tẹ̀ lágbàlá níbi tó ti ń to ẹja sórí ààrò. Bí ẹ ṣe kọ́ mi, Bàbá, mo nà gbalaja síwájú rẹ̀, àyà mi kan ilẹ̀. Obìnrin náà ké, abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi Tẹ́tẹ̀ pé kí ni mo bà jẹ́. Wọ́n wọlé, wọ́n wo àwo, wọ́n yẹ àtùpà wò, wọ́n gbọn ìkòkò omi wò bóyá ó ń jò, gbogbo rẹ̀ pé. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, mo tún nà gbalaja. Kíá ló ránṣẹ́ sí tíṣà wa. Ó ní ọ̀ràn tí ọmọ yìí dá ní Èkó kò kéré, pé kó yáa jẹ́wọ́ kí ọlọ́pàá tó tọ̀ ọ́ wá síbí.

Tíṣà wa rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bí ọmọ ṣe ń kí òbí nílẹ̀ wa nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọwọ́ ni wọ́n ń bọ̀. Ọmọdé a na ọwọ́ ọ̀tún sí àgbàlagbà, a bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé ó rí àgbà fín. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, àwọn àgbà ìjọ na ọwọ́ sí mi, èmi ọmọ tí a kọ́ re sì kó ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn. Wọ́n rò pé mo lẹ́gbò lọ́wọ́.

Nígbà tí tíṣà ṣàlàyé tán, ìyá Tẹ́tẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó fi etí aṣọ nu ojú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ tíṣà pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ òun náà yóò máa ṣe láràárọ̀ tó bá dé ilé wa. Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni, àṣà ilé ni àlejò ń bá lọ. Obìnrin náà ní Tẹ́tẹ̀ kò lọ mọ́.

Inú bí mi, kí n má tan yín. Mo rò pé ìgbéraga ni. Tẹ́tẹ̀ ló wá mú mi lọ sétí òkun tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ dojú dé nígbà tí Tẹ́tẹ̀ ṣì kéré. Ẹnì kan ṣoṣo ló bọ̀, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń wa ọkọ̀. Àgbàlá yẹn náà ló wá, ó dojú bolẹ̀ gbalaja síwájú ìyá Tẹ́tẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun pé òun nìkan lòun bọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún dojú bolẹ̀ síwájú obìnrin náà àfi èmi, tí mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lórí ilẹ̀. Bàbá, ẹ̀yin náà mọ irú ìròyìn tí omi máa ń rán wálé. Ojú tì mí títí n kò lè jẹ kẹ́ńkẹ́ mi tán.

Tẹ́tẹ̀ ní kò sí wàhálà, pé tí òun bá ti kúrò lójú ìyá òun, òun yóò dọ̀bálẹ̀ fún yín dáadáa, ìyá òun kò ní mọ̀. Ó tilẹ̀ ti ń kọ́ ọ lórí iyanrìn, ìdí rẹ̀ ń ga sókè bíi ti ewúrẹ́ tó ń mu omi. Mo ní rárá. Mo ní bàbá mi kò ní fẹ́ ìkíni tí ọmọ fi tan ìyá rẹ̀ jẹ.

Ohun tí obìnrin náà sọ kẹ́yìn ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti ẹnu ẹ̀yin fúnra yín wá, kí ó tó di pé a wọ lọ́rì, pé ọmọ òun lè bọ̀ yín lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé, òun yóò di ẹrù rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi nìkan ni yóò bọ̀.

Mo mọ̀ yín, Bàbá. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ ní ìdajì, ẹ ó bi í bóyá ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Mo rántí akọ̀wé Palmgrove tó wá ra ẹja, tó na ọwọ́ sí yín tòun ti tai lọ́rùn, tí ẹ gbé àjẹ̀ tí ẹ fi ń wa ọkọ̀ lé e lọ́wọ́, tí ẹ ní kó bá yín gbé e dénú ọkọ̀. Gbogbo Ìlàjẹ ló rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Láràárọ̀ báyìí, mo ń bọ ìyá Tẹ́tẹ̀ lọ́wọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le, iná ti jó o níbi kan, ó ń run èéfín ẹja. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dì í mú, omi bọ́ lójú mi, nítorí mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ti Màmá yóò rí. Mo ti ń dọ̀bálẹ̀ fún yín láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, Bàbá, inú mi sì ń dùn sí i, n kò ní fi sílẹ̀. Àmọ́ n kò mọ bí àtẹ́lẹwọ́ yín ṣe rí.

Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n lẹ́yìn oúnjẹ, kì í ṣe ṣáájú. Ẹ bá mi kí Ìyá àgbà, ẹ kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kí àwọn tí wọ́n ń ka èyí lára pátákó. Olúwa yóò máa mú yín lọ sójú omi, yóò sì máa mú yín bọ̀. Àwọ̀n yín kò ní fà lófo, iná ààrò Màmá kò ní kú, ojú wa yóò sì tún ríra láyọ̀.

Bí Tẹ́tẹ̀ bá na ọwọ́ sí yín, Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé àjẹ̀ lé e. Mo ti dìde lórí àga tí mo ti ń kọ̀wé, mo ti nà gbalaja lórí ilẹ̀ yàrá yìí, àyà mi kan sìmẹ́ǹtì, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ ìlà tó kẹ́yìn yìí. Tòní kì í ṣe kíkí o. Ẹ̀bẹ̀ ni.

Èmi ni ọmọ yín,
Ayọ̀délé