"Wọ́n" Tí Aya Rẹ Gbọ́

Ilé Àpọ́nlé,
Ìlerò.

Sódìq ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Beauty aya rẹ, mo sì kí iṣẹ́ òòjọ́ yín. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ilé yín gbóná. Ara wa le. Iṣu ti gun èèkàn, àgbàdo ti ń yọ irun, ọ̀kadà nìkan ni kò lè dé oko mọ́ nítorí ẹrẹ̀.

Lẹ́yìn ìkíni, ọ̀rọ̀ ìyá mi, Ìyá Àgbà Àdìjátù, ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Láti ìgbà tí awakọ̀ tí ó gbé wọn bọ̀ láti ọ̀dọ̀ yín ti já wọn sílẹ̀ níbùdókọ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn, tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò sìn wọ́n wá, wọn kò bọ́ síta mọ́. Wọn kò jẹ́ kí ọmọdé jókòó tì wọ́n. Wọ́n ní ẹni tí a bá ti pè ní àjẹ́ kì í gbé ọmọ ọlọ́mọ mọ́ra.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. O ní Beauty gbọ́ tí ìyá mi ń sọ láàárọ̀ pé, "Wọ́n tún wá bá mi, wọ́n ní kí n máa bọ̀ nílé." Ó gbà pé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, èyí tí fíìmù ń pè ní Wíkà, ó sì lọ bẹ Fáda kí ó wá lé ẹ̀mí jáde. Mo tú ọ̀rọ̀ náà wò bí wọ́n ti kọ́ wa ní girama: "wí" àti "ìkà", ẹni tí ń wí ìkà. Ìyá mi kò wí ìkà rí.

Mo wá lọ bá Festus ní Òkáká, ẹni tí ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní Wíkà kì í ṣe Yorùbá rárá, ẹ̀sìn àwọn òyìnbó kan ni, tí wọ́n ń bu ọlá fún ilẹ̀ àti òṣùpá, wọn kì í sì í fò bí ti fíìmù. Ti òṣùpá yẹn kò yà mí lẹ́nu. Àwa náà ń wò ó kí a tó gba ààwẹ̀, a kò sì di àjẹ́. Ó tún ní Fáda kì í dédé lé ẹ̀mí: Bíṣọ́ọ̀bù ni yóò fún un láṣẹ, dókítà yóò sì ti kọ́kọ́ yẹ ènìyàn náà wò. Abájọ tí Fáda tiyín fi ní kí ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ọmọlúàbí ni. Ti inú fíìmù tí Festus fi hàn mí ni kò ní ẹ̀kọ́ ilé: ẹ̀mí ní òun ti wà kí ayé tó wà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan na ìka sí i, ó ní, "Jáde!" láìfi "ẹ" ṣíwájú. Ta ni yóò jáde fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n ìwọ tí a bí ní Ìlerò, ṣé o kò mọ ẹni tí ìyá rẹ àgbà ń pè ní "wọ́n"? Bàbá mi ni, ọkọ wọn tí wọ́n rí lójú àlá. Ìyá mi kò pè wọ́n ní "ó" rí láyé, ikú kò sì sọ ọkọ di ẹgbẹ́ ẹni. Ìgboro Èkó ni Beauty ti kọ́ Yorùbá; a fún un ní ọ̀rọ̀, a kò fún un ní ọ̀wọ̀. Ìwọ ni mo bá wí.

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe òbí, mo ń bèèrè owó. Má fi ránṣẹ́ sórí fóònù, nítorí ẹ̀rọ náà máa ń bù jẹ nínú rẹ̀ lọ́nà. Ẹ fi wọkọ̀, ìwọ àti aya rẹ, kí ẹ wá kúnlẹ̀ níwájú wọn.

Lánàá ni ọ̀rọ̀ tí Beauty kọ sí ìyá mi wọlé sórí fóònù mi: "Màmá, mo bẹ̀ ọ́. Má bínú sí mi." Inú bí mi. Mo mú bírò, mo ń tún un kọ sínú ìwé pẹ̀lú "ẹ" ní ibi tí ó yẹ, kí n tó kà á fún wọn. Wọ́n gbọ́ bí mo ti ń kùn, wọ́n ní kí n kà á bí ó ti wà. Mo kà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má fi "ẹ" kankan sí i. Pé bí ọmọ náà bá ti lè pe àwọn ní "ìwọ", ó ti mọ̀ báyìí pé ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn, láìní ẹgbẹ́ kankan.

Mo ti fi bírò sílẹ̀. Kí Ọlọ́run mú yín dé láyọ̀, kí ẹ sì bá wọn níta, lábẹ́ igi òdán.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràsáàkì.