Onídùúró Ọkọ̀ Tòkúnbọ̀

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ra ọkọ̀. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, torí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé kẹ̀kẹ́ lásán pàápàá ń bà mí lẹ́rù. Inú ilé yín ní Arámọkọ ni mo ṣì ń gbé, nínú yàrá tó kọjú sí ọ̀nà, ṣùgbọ́n Ìkọ́gòsì ni wọ́n gbé mi lọ láti máa kọ́ni. Ọ̀kadà ni mo ń gùn lọ, òun náà ni mo ń gùn bọ̀, títí òjò kan fi ba ìwé ìdánwò àwọn ọmọ jẹ́ láyà mi níbi tí mo dì í mọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu.

Mo lọ bá Bàbá Ìkìrun, ọ̀rẹ́ yín tó ń wa takisí tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti papòdà, àwọn ni mo máa ń fọ̀rọ̀ lọ̀. Wọ́n ní ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn kan ń ta ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ní Ìbàdàn, Kùtọnú ló ti ń kó wọn wọlé. A jọ lọ ni. Ọmọkùnrin náà fi ọkọ̀ kan hàn wá, aláwọ̀ eérú, tó mọ́ bí àwo. Ó fún mi ní ìwé pélébé kan tí wọ́n fi èdè tí mi ò gbọ́ kọ, ó ní wáránti àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà nìyẹn, láti ìlú òkèèrè tí wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó. Ó ní òun náà fún mi ní wáránti tòun, oṣù mẹ́fà gbáko: bí ẹ́ńjìnì tàbí jíà bá yọnu, kí n gbé e padà wá. Mo bi í bóyá yóò kọ ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ojú Bàbá Ìkìrun. Àwọn ni wọ́n dá mi lóhùn.

"Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú lórí ìwé. Èmi ni onídùúró. Bí ọkọ̀ yìí bá yíwọ́, èmi ni kí o wá bá."

Mi ò bèèrè mọ́. Ṣé ẹ̀yin ìbá tún bèèrè?

Ọkọ̀ náà kọ́kọ́ ṣe dáadáa. Mo ń gbé olùkọ́ méjì lọ síbi iṣẹ́, wọ́n sì ń gbàdúrà fún mi lójoojúmọ́ bí ẹni pé èmi ni mo rọ ọkọ̀ náà. Ìgbà tó ṣe, kí oṣù mẹ́fà náà tó pé, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo ń lọ wo àbúrò mi nílé ọkọ rẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n. Ẹ mọ òkè yẹn. Mo ti gùn ún dé ìdajì kí jíà tó kọ̀. Ẹ́ńjìnì ń han, táyà ò yí, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ padà sẹ́yìn. Mo tẹ bíréèkì, mo fa tọwọ́, mo sì jókòó sínú rẹ̀ títí àwọn ọlọ́kadà kan fi gbé òkúta há ẹ̀yìn táyà. Mi ò ké. Ohun tó ń sọ sí mi lọ́kàn ni bí ẹ̀yin àti Bàbá Ìkìrun ṣe máa ń jiyàn nídìí oúnjẹ: ẹ̀yin á ní uṣu, àwọn á ní iṣu, ẹ ó sì jọ jẹ ẹ́ tán kí iyàn tó parí. Mi ò mọ ohun tó gbé ìyẹn wá.

Mẹkáníìkì kan ní Ẹ̀fọ̀n tú jíà náà wò. Ó ní inú rẹ̀ ti jẹ tán kí wọ́n tó gbé e dé Nàìjíríà, òróró tó ki ni wọ́n fi bò ó lójú. Mo pe ọmọkùnrin náà ní Ìbàdàn. Ó ní bí ẹlòmíràn bá ti lè tú u, wáránti òun ti kú. Mo bi í nípa ìwé tó fún mi. Ó ní ti ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ náà nìyẹn, ní ìlú tó ti rà á, pé kì í ré òkun kọjá. Mo ní kí ló dé tó fi wá fún mi. Ó ní kí ìwé ọkọ̀ lè pé ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé ìpè mi mọ́.

Mi ò lọ sọ fún Bàbá Ìkìrun. Báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ ka ọ̀rọ̀ ẹnu àgbàlagbà sí i lọ́rùn? Mo padà sórí ọ̀kadà, mo sì ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà kí wọ́n má baà rí mi. Ṣùgbọ́n ṣé ọ̀rọ̀ ń pamọ́ ní Arámọkọ? Ìyàwó wọn ló sọ fún mi pé wọ́n ti wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn láìdágbére. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibi tí ọmọ náà ti ń tajà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó bọ́ wọn, ó fún wọn lówó ọkọ̀ tí wọn ò gbà. Ní ti jíà, ó ní ẹni tó ta ọkọ̀ fún òun ní Kùtọnú kò fún òun náà ní wáránti kankan.

Nígbà tí wọ́n dé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ kan sórí tábìlì. Ti takisí wọn àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n ṣì ń sitáàtì láràárọ̀ bí wọn ò tilẹ̀ ná ojú ọ̀nà mọ́. Wọ́n ní kí n máa lò ó títí n ó fi rí jíà tèmi tún ṣe. Mo ní mi ò lè gbà á, pé ọmọ wọn ló purọ́, kì í ṣe àwọn. Wọ́n jẹ́ kí n sọ tán.

"Òótọ́ ni, ó purọ́ fún ọ. Èmi ò purọ́ fún ọ. Mo ní èmi ni kí o wá bá, o ò sì wá. Ṣé o rò pé mò ń ṣeré lọ́jọ́ náà ni?"

Mo kúnlẹ̀, mo gba kọ́kọ́rọ́. Ṣé ó yẹ kí n gbà á, Bàbá mi? Tí mo bá kọ̀ ọ́ ńkọ́, ṣé ọ̀wọ̀ ni àbí ìwọ̀sí? Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n jù mí lọ.

Takisí náà ni mo ń gbé lọ sí Ìkọ́gòsì báyìí. Ó ń rùn fún epo, àwọn ọmọ iléèwé sì ń fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń gun òkè. Aláwọ̀ eérú wà ní ọgbà mẹkáníìkì, mo ń tọ́jú owó jíà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọkùnrin Ìbàdàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí mi kú ọdún Iléyá. Mo dá a lóhùn pé a ó ṣe púpọ̀ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni Bàbá Ìkìrun fi ń rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ti ní kí n máa gbé wọn, wọ́n kọ̀. Ní Jímọ̀ tó kọjá, tí iléèwé wà ní ọlidé, òjò ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà, mo dúró, wọ́n sì wọ ọkọ̀ jókòó tì mí níwájú. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ìlú, mo ṣèèṣì wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ gírígírí ní gbogbo kọ́nà, wọ́n ń wá bíréèkì. Mo rọra dín eré kù, títí mo fi rí i tí ẹsẹ̀ náà sinmi.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tí orúkọ yín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀.