Ọwọ́ Dagogo Ni Máàkì Rẹ Wà

Ìfẹ́wàrà,
Oṣù Kejì, 1962.

Olúwọlé, Àdìgún ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ, mo sì kí ilẹ̀ Port Harcourt tí o ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láràárọ̀. Ẹni tó dá omi tó dá iyanrìn yóò máa ṣọ́ ọ níbẹ̀, omi wáàfù tí o ti ń ṣiṣẹ́ kò ní gbé ọ lọ, ẹrù ọkọ̀ ojú omi kò ní já lù ọ́. Ara wa le níhìn-ín. Orúnkún tó ń dun ìyá rẹ ti fúyẹ́, ó ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láì mú ọ̀pá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń bínú pé kò sẹ́ni tó ń ṣàánú òun mọ́ látìgbà tí òun ti jọ̀wọ́ ọ̀pá. Àgùntàn wa bí méjì. Baálẹ̀ sì ti ra asọ̀rọ̀mágbèsì, ó gbé e sí ojúde, gbogbo wa là ń lọ gbọ́ ọ. Ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀ gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Àràárọ̀ ni mo ń kí i, kò dá mi lóhùn rí, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló máa ń bá lọ. Ìyá rẹ ní irú Olúwọlé ni.

Mo rí ìwé tí o kọ, mo kà á tán, mo sì kà á sí ìyá rẹ létí. O ní oṣù mẹ́ta ni ọ̀gá yín fún ọ, pé bí o kò bá tún ọ̀nà tí o fi ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ṣe ṣe, wọn yóò ní kí o máa lọ sílé. O ní o kì í jalè, o kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ìṣirò rẹ kò sì ní àbùkù, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí wọ́n fi ń wọn òṣìṣẹ́ wò, níbi tí wọ́n ti bèèrè bóyá ènìyàn mọ bí a ti ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́, máàkì méjì nínú mẹ́wàá ni wọ́n fún ọ. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára púpọ̀. Mo rò ó títí, mo wá rí i pé kò le tó bí o ṣe rò. Bí mẹ́wàá bá wà nílẹ̀, tí wọ́n fún ọ ní méjì, a jẹ́ pé mẹ́jọ tó kù wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, torí máàkì kì í kàn sọnù bẹ́ẹ̀. Ibiere tó ń tẹ̀wé fún ọ̀gá lè ní díẹ̀, kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà ní díẹ̀, ṣùgbọ́n Dagogo tí ẹ jọ jókòó nínú yàrá kan náà ni mo fura sí pé ó kó èyí tó pọ̀ jù. Nítorí náà, má wulẹ̀ máa bẹ ọ̀gá, òun ti pín tirẹ̀ tán. Lọ bá Dagogo, kó fún ọ lára tọwọ́ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé wàá ní ìwọ àti Dagogo kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹja yẹn ni, tí o kọ odidi ojú ìwé méjì lé lórí. O ní o ṣí abọ́ ìrẹsì rẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, o fi pijin sọ fún un pé kó wá jẹun, ni Dagogo bá fọwọ́, ó fa àga, ó sì jẹun. Ó tún wá mú orí ẹja. O ní látọjọ́ náà lo ti mọ̀ ọ́n ní wọ̀bìà, pé ògiri lo ń kọjú sí báyìí bí o bá fẹ́ jẹun. Àdìgún, ta ló pè é? Nílé wa níbí, bí mo bá ń jẹun tí ẹnìkan ń kọjá, màá ní kó wá jẹun, òun náà á ní á gba ibi ire, á sì máa bá tirẹ̀ lọ, inú àwa méjèèjì á dùn, ọbẹ̀ mi kò sì ní dín. Àwa la mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Ta ló sọ fún Dagogo? Bóyá níbi tí òun ti wá, ẹni tí wọ́n pè sí oúnjẹ tí kò jẹ ni wọ́n ń fura sí. Ọkùnrin náà gbà pé o fẹ́ràn òun ló ṣe jókòó. Ṣebí ìwọ náà mọ̀ pé bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Nítorí orí ẹja!

Fọ́tò tí ẹ jọ yà lọ́fíìsì, tí o fi rán Tàófíìkì awakọ̀ sí wa, ti dé. Aṣọ rẹ dára. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn yòókù fi èjìká kan èjìká, ìwọ nìkan lo dá dúró lẹ́bàá fèrèsé, ewúrẹ́ lè gba àárín yín kọjá kí ìwo rẹ̀ má kan ẹnikẹ́ni. Mo kọ́kọ́ rò pé iye tí ẹ san fún ayafọ́tò ni kò gbé ọ dé àárín. Mo gbé e lọ bá Gàníyù tó ń ya fọ́tò lọ́jà wa, mo ní kó sọ iye tí yóò gbà kó fi sún ọ mọ́ àwọn ènìyàn rẹ. Gàníyù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ ọmọ mi ló lè ṣe ìyẹn.

Tẹlifóònù náà tún wà ńbẹ̀. O ní bó bá ń ké lórí tábìlì Dagogo nígbà tí Dagogo kò sí nítòsí, o kì í gbé e, torí kì í ṣe tìrẹ. Èmi ò tíì rí i lójúkojú, ṣùgbọ́n Tàófíìkì ní wọ́n máa ń fi okùn so ó, mo rò pé nítorí kó má baà rìn lọ ni. Ohun tó ń ké, tí wọ́n tún so mọ́lẹ̀, báwo lo ṣe ń rójú wò ó? Bí ọmọ aládùúgbò bá ń sunkún tí ìyá rẹ̀ lọ sódò, ṣé a máa ń ní kì í ṣe tiwa ni? Gbé e, rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, bi í pé kí ló ń fẹ́, bí Dagogo bá dé, kí o jíṣẹ́ fún un. Wàá rí bí ojú rẹ̀ yóò ṣe rí.

Kì í ṣe ohun ńlá ni mo ní kí o ṣe. Àáró tí a jọ ń ṣe lóko níbí, nǹkan kéékèèké ló mú un pẹ́ tó báyìí. Má dúró kí wọ́n kọ́kọ́ kí ọ láàárọ̀ torí pé o dàgbà jù wọ́n lọ. Ẹni tó kẹ́yìn dé oko ló ń kí ẹni tó bá níbẹ̀ kú iṣẹ́, ì báà jẹ́ baálẹ̀. Ẹni tó bá sì ṣe ọ́ lóore lánàá, dúpẹ́ àná lọ́wọ́ rẹ̀, bí kò tilẹ̀ yé e ìdí tí o fi tún ń dúpẹ́, inú rẹ̀ kò ní bàjẹ́. Bí iṣẹ́ tìrẹ bá tán, kí o tó nà gbalaja, bojú wẹ̀yìn wo ẹni tí ebè rẹ̀ ṣì kù. Ṣùgbọ́n má ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan o, kí wọ́n má baà rò pé àìsàn ló mú ọ. Díẹ̀díẹ̀ ni, títí yóò fi mọ́ ọ lára.

Níparí ìwé rẹ, o ní bí wọ́n bá lé ọ, kò burú, wàá wá sílé wá dáko, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní yọ ọ́ lẹ́nu. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo lọ bá àwọn tí a jọ ń ṣe àáró, mo ní ọmọ mi ń bọ̀, kí wọ́n kà á mọ́ wa. Wọn ò bi mí bóyá o lágbára, wọn ò bi mí bóyá o ṣì mọ ọkọ́ lò. Akínfẹ́nwá tó jẹ́ olórí wa ló bi mí pé ṣé o mọ èèyàn bá ṣe. Àdìgún, mo ní ebi ń pa mí, mo dìde, mo bá ilé lọ. Ó dùn mí gan-an. Oko tí o rò pé o máa dá wà nínú rẹ̀ yẹn, kò sí irú rẹ̀ ní Ìfẹ́wàrà.

Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, ìjì ti ṣí páànù ilé ìdáná ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n má fi gba pósítọ́fíìsì mọ́. Èyí tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, owó gbígbó tó ti fàya ni akọ̀wé wọn kà fún mi. Mo ní kó lọ wò ó dáadáa, kó gbé èyí tí ọmọ mi fọwọ́ kàn jáde, ọkùnrin náà sì ń bínú sí mi. Fi lé Tàófíìkì lọ́wọ́, òun kì í pààrọ̀ nǹkan.

Tàófíìkì tó mú ìwé yìí bọ̀ gbé ẹrù kan dání tí yóò bá a sọdá odò ní Asaba. Odidi ọ̀yà kan ni ìyá rẹ yan, ó sì fi àádùn sí i. Má nawọ́ gbà á. Orúkọ Dagogo ni mo fọwọ́ ara mi kọ sí i lára, ọwọ́ Dagogo ni Tàófíìkì yóò sì fi lé. Bí ọ̀yà ilé bá ń wù ọ́ jẹ, o mọ ibi tó wà.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Yóò gbé ojúrere rẹ wọ ọkàn gbogbo àwọn tí ẹ jọ wà níbẹ̀. Bí Dagogo bá sì ṣí abọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, Ọlọ́run yóò jẹ́ kó pè ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ilésanmí.