Sí Ọmọ Mi Tó Ń Sanwó Kó Tó Sáré

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé orúnkún rẹ méjèèjì ṣì wà níbi tí mo fi wọ́n sí? Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ yóò máa mú ọ wọlé lálẹ́, o kò ní ṣubú níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́. Tiwa níbí, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Orí apẹ̀rẹ̀ aṣọ tí mi ò tíì lọ̀ ni mo jókòó lé kọ lẹ́tà yìí, aṣọ gbogbo àdúgbò ló wà lábẹ́ mi, ẹ̀yìn ń dùn mí, èédú inú áyọ́ọ̀nù sì ń jó dànù, torí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, má bínú.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ dé. Fóònù mi kọ́kọ́ kọ ọ́ sójú pé àyè ò sí mọ́, mo bá kó àwo àti ìgò kúrò lórí tábìlì kí ó lè ráyè, síbẹ̀ ó kọ̀. Onígbàjámọ̀, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ, ló bá wa pa nǹkan kan rẹ́ nínú rẹ̀ kó tó gbà. Nígbà tí mo wá rí ọ, òógùn ti bò ọ́ bí ẹni tí òjò pa, nọ́ńbà gàdàgbà kan wà láyà rẹ, àwọn èèyàn sì ń lé ọ bọ̀ lẹ́yìn. Mo jókòó sílẹ̀. Mo ní wọ́n ti ju ọmọ mi sẹ́wọ̀n, ó sì ti ń sá lọ. Onígbàjámọ̀ ní kò sẹ́ni tó ń lé ọ, pé eré ìje ni, pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ sanwó kí wọ́n tó lẹ nọ́ńbà mọ́ yín láyà. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní ó dáa, bóyá owó ọkọ̀ lẹ fi ṣe é. Ó ní rárá, ibi tí ẹ ti gbéra náà lẹ sáré padà sí.

Kì í ṣe ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ránṣọ, tí ẹ jọ gbé yàrá kan nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dé ìlú ńlá, wá kí àwọn òbí rẹ̀, ó sì yà kí wa. Mo béèrè rẹ. Ó kọ́kọ́ ní o wà dáadáa. Ìgbà tó yá ló wá ní òun pè ọ́ wá jẹun nítorí pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù tòun, òun ra wáìnì, òun yá àga, àwọn ọ̀rẹ́ yín yòókù sì jókòó. Ó ní omi lo mu, o ní wáìnì á jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ wúwo. Ó kù díẹ̀ kí oúnjẹ dórí tábìlì ni aago ọwọ́ rẹ gbọ̀n, o dìde, o ní o gbọ́dọ̀ tètè sùn torí eré ìdájí. Ó ní kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Kò gbójú sókè nígbà tó sọ fún mi pé: "Màmá, mo sebẹ̀ dè é, aago ló ń wò."

Mo gbèjà rẹ o. Mo ní bóyá ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ló so aago yẹn mọ́ ọ lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ ò sì lè jà. Ó ní ìwọ lo fowó ara rẹ rà á, pé ó ń ka bí ọkàn rẹ ṣe ń lù, ó sì máa ń bá ọ wí bí o bá jókòó pẹ́. Ìyẹn ò yé mi títí di báyìí. Nígbà tó lọ tán, mo padà sídìí aṣọ, mo sì fi áyọ́ọ̀nù jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tíṣà kan, torí ọkàn mi ò sí níbẹ̀.

Bàbá rẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá. Láti ìgbà tí ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n tí wọ́n sì fi iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀, wọn kì í fẹ́ jẹun níwájú èèyàn, torí pé ohun inú ṣíbí kì í dé ẹnu tán. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ wọlé, èmi náà ni mò ń gbé e jáde ní tútù. Mi ò sọ fún ọ torí mi ò fẹ́ da ọkàn rẹ láàmú. Lọ́jọ́ kejì, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bọ̀, wọ́n wọ bàtà iṣẹ́ wọn àtijọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ sáré díẹ̀, kí àwọn fojú ara àwọn rí nǹkan tí ọmọ àwọn ń wá lójú ọ̀nà.

Bàbá rẹ tí kì í yára rìn bí òjò tilẹ̀ ń bọ̀! Bí àdúgbò ṣe rí wọn lórí eré, kò sẹ́ni tó béèrè ọ̀rọ̀, oníkálukú gbà pé iná ló ń jó níbì kan. Onígbàjámọ̀ fi abẹ sílẹ̀, ó gbá tẹ̀ lé wọn. Oníbàárà tó ti fá ìdajì orí rẹ̀ gbá tẹ̀ lé onígbàjámọ̀. Àwọn kan gbé korobá omi. Nígbà tí ariwo dé etí mi, mo rò pé bàbá rẹ ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì sá jáde tòun ti áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Iwájú ilé búrẹ́dì la ti bá wọn, wọ́n di ògiri mú, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Gbogbo wa ń béèrè ibi tí iná wà. Nígbà tí èémí wọn wálẹ̀, wọ́n ní kò síná, pé eré ìdárayá ni.

Ẹnì kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo rò pé èmi ni. Oníbúrẹ́dì gbé bẹ́ǹṣì jáde, ó kó búrẹ́dì gbígbóná síwájú wa, onígbàjámọ̀ sì lọ gbé ìgò wáìnì kan tó ti ń tọ́jú láìrí ìdí tó fi máa ṣí i. Mo mọ̀ pé àárọ̀ kùtù ni, má wí nǹkan kan. Ọwọ́ bàbá rẹ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ti onígbàjámọ̀ náà ń gbọ̀n, ti onídajì orí ń gbọ̀n, torí gbogbo wọn ló sáré, kò sì sẹ́ni tó mọ èwo ni ti àìsàn. Wọ́n jẹ búrẹ́dì wọn tán láàárín èèyàn.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ ń lọ báyìí. Eré ni wọ́n ń pè é, ìrìn ni mo rí, ọ̀rọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Orúnkún bàbá rẹ wú, èmi ni mò ń fi omi gbígbóná jó o, aṣọ òógùn wọn sì ti kún aṣọ tí mò ń fọ̀. Ó rẹ̀ mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mi ò gbé oúnjẹ tútù jáde mọ́. Lánàá, bí wọ́n ṣe ń bọ́ bàtà, wọ́n ní: "Mo ti rí ohun tí ọmọ yìí ń rí níbẹ̀. Kí ló wá dé tí kì í jókòó tó bá sá a tán?" Mo ní n ó bi ọ́.

Mi ò ní kí o má sáré mọ́. Sáré, kí ara rẹ le. Ṣùgbọ́n lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ lọ́sẹ̀ yìí, má kàn lọ bẹ̀ ẹ́ lásán, béèrè oúnjẹ. Bí ó bá bu wáìnì, mu díẹ̀. Bí eré ọjọ́ kan bá bọ́, ọ̀nà ò ní kó kúrò níbẹ̀.

Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún èédú, fún kọ́là tíṣà, àti fún ìpara orúnkún. Má fi sí báǹkì o. Ìgbà tí mo lọ síbẹ̀ kẹ́yìn, ẹ̀rọ ara ògiri ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi, mo ní èmi ò ní àṣírí kankan, mo bá lọ sílé.

Ẹsẹ̀ rẹ ò ní rọ, o kò ní dá nìkan jẹun títí, Ọlọ́run á fún ọ ní ọ̀nà tó tẹ́jú àti àwọn tí yóò máa fi àyè sílẹ̀ dè ọ́. Lọ́jọ́ tí o bá lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ, pè mí bí ẹ bá ti jókòó. Kò pọn dandan kí o bá mi sọ̀rọ̀. Gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, kí èmi àti bàbá rẹ máa gbọ́ bí ẹ ṣe ń jẹun.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.