Fìlà Oníná Tí Wọ́n Fẹ́ Dé Yín Lórí

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́ òfúrufú. Mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ikọ́ mi ti lọ, ṣùgbọ́n n kò tíì ní ọ̀rẹ́ kankan níbí tó ń kan ilẹ̀kùn yàrá mi.

Láràárọ̀, níbi iṣẹ́ ìwádìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo máa ń ya irun mi sọ́tùn-ún sósì, kí n fi omi iyọ̀ rin kànrìnkàn kékeré méjì, kí n tẹ̀ wọ́n mọ́ iwájú orí, kí n wá dé fìlà oníná lé wọn. Iná náà kàn máa ń rìn mí lára wìnnìwìnnì ni. Màá wá jókòó síwájú ẹ̀rọ tó jọ iwájú ọkọ̀ òfúrufú tí ẹ ń wà, màá máa ṣọ́ abẹ́rẹ́ atọ́ka kan lójú rẹ̀. Wọ́n ní fìlà yìí ni kò ní jẹ́ kí ọkàn awakọ̀ òfúrufú ṣáko lọ́nà jíjìn.

Lóòótọ́, abẹ́rẹ́ náà kò lè mira kí n má rí i. Ṣùgbọ́n lánàá, tí fìlà wà lórí mi, iná pupa ìkìlọ̀ tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò rí i; ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ń pariwo, n kò gbọ́ títí ó fi gbá mi léjìká.

"Ṣé o ti dití ni?"

Mo sọ fún ọ̀gá wa lónìí. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí kì í sọ̀rọ̀, èyí lo wá rí sọ? Àwọn oníléeṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ń bọ̀ lọ́la. Tó o bá yanu níwájú wọn, wá iṣẹ́ síbòmíràn o!"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ pé ojú máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n orí yín ni wọ́n fẹ́ dé e lé. Bí wọ́n bá gbé e wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀ ọ́; ẹ ní oorun lẹ fẹ́, kì í ṣe fìlà. Ọlọ́run yóò máa gbé yín gòkè, yóò máa sọ̀ yín kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lọ́la, nígbà tí àwọn oníléeṣẹ́ náà bá dé, iwájú ni n ó jókòó, n ó sì nawọ́ sókè kí ọ̀gá tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àbúrò yín