Eérú Tí Mo Dà Sínú Omi Ìwẹ̀ Bàbá Rẹ

Itidal, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Amman? Ṣé o ń jẹun kánú? Èmi àti bàbá rẹ wà ní Tafila níbí, a ń dúpẹ́, àwọn ewúrẹ́ méjèèjì náà ní kí n kí ọ. Ọlọ́run yóò máa dì ọ́ mú lórí àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ rẹ tó ń dá gòkè fúnra rẹ̀, torí ohun tó ń gbéni láìbéèrè lè máà mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nílẹ̀ o. O mọ igi ọsàn wẹ́wẹ́ tí mo gbìn lọ́dún tí mo bí ọ. Ọ̀dá mú un débi pé bàbá rẹ ti pọ́n àáké. Ó ní omi ẹ̀rọ tó ń yọjú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, èèyàn ò mu ún tó, áḿbọ̀sì igi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí.

Àfi bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rudayna, ẹnjiníà ni, ṣe wọlé tòun ti fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ìtọ́jú omi. Ó ní nọ́mbà fóònù wa ńkọ́, mo ní ẹyọ kan ni. Ó ní èèyàn mélòó ló ń wẹ̀ nílé yìí, mo ní ẹnì kan àtààbọ̀, torí bàbá rẹ, àfi Jímọ̀ sí Jímọ̀. Òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá ri àgbá mẹ́ta mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n ní omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ yóò gba ibẹ̀ lọ sídìí igi. Ó ní omi eérú ni wọ́n ń pè é. Mo yọjú wò ó lọ́jọ́ kejì, kò sí eérú kankan, ọṣẹ ló ń hó. Mo ní àwọn ọmọ yìí ti gbàgbé. Ni mo bá bu eérú ààrò búrẹ́dì, garawa méjì gbáko, mo dà á sí i, mo fi igi rò ó bí ẹni ń rokà.

Jímọ̀ dé. Bàbá rẹ fi ọṣẹ sórí, omi ò lọ mọ́, ńṣe ló ń padà bọ̀, dúdú bí aró! Mo gbọ́ igbe, ó ní Ìyá Itidal, o pa mí o! Ó fi aṣọ ìnura bọ́ síta, orí funfun, ẹsẹ̀ dúdú, àwọn ewúrẹ́ sá. Ó ní òun yóò hú àgbá, òun yóò gé igi, kí èmi náà palẹ̀ mọ́ kí n máa lọ sílé bàbá mi, bàbá mi tó ti kú lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Rudayna sáré dé, mo ṣàlàyé tọkàntọkàn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ó ní Màmá, àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe ọbẹ̀ tí ẹ óò fi èròjà sí! Bàbá rẹ fẹ́ bínú sí i, ni ẹ̀rín bá pa òun náà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la fọ òkúta yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, Itidal, igi ti yọ òdòdó! Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Bàbá rẹ tí mo ti ń bẹ̀ kó wẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti gbé mi níyàwó, ojoojúmọ́ ló ń wẹ̀ báyìí. Ó ní òun ò wẹ̀ fún ẹnikẹ́ni o, igi lòun ń fún lómi.

Jọ̀wọ́, fi ogún dínárì ránṣẹ́ ká fi ra páìpù tí yóò dé ìdí igi ólífì. Má fi sí báǹkì o. Nígbà tí mo lọ, ẹ̀rọ ara ògiri ni wọ́n ní kí n lọ bá, mo kí i, mo bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀, kò dá mi lóhùn. Fi rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì.

Tí o bá sì ń bọ̀ fún Iléyá, má fọ aṣọ kankan ní Amman. Kó gbogbo ìdọ̀tí rẹ wálé fún wa, bó ti wù kó pọ̀ tó. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí orísun rẹ gbẹ, ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ yóò máa rúwé.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń retí aṣọ rẹ.